Èlé báǹkì náà, owó ilé ni

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi jókòó ti fóònù, ìyẹn èyí tó ní ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún tó ṣì ń sanwó ilé, onílé ló ń bá tọ́jú ọmọ, kó tètè lọ gba mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báǹkì ń yáni fi ra ilé, kó yéé da owó sómi. Mo kà á fún ìyàwó mi, ẹ̀rín pa á, ó ní ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ ṣá, torí ohun témi náà ń pariwo kiri nìyẹn lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ká tó ra ilé tiwa.

Mi ò ní kéèyàn má rà o. Inú ilé tí mo fi mọ́gééjì rà ni mo ti ń tẹ èyí. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ló ń bí mi nínú. Wọ́n á gbé owó ilé tó ò ń san lóṣù síhìn-ín, wọ́n á gbé owó tí báǹkì máa gbà lóṣù sọ́hùn-ún, wọ́n á ní wò ó, wọ́n fẹ́ẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, èyí ń lọ sápò onílé, èyí ń di tìẹ, kí lo tún ń rò? Irọ́ ti wọ ibẹ̀. Ọ̀nà méjì lowó tí báǹkì ń gbà yẹn pín sí, apá kan ń dín ojú owó, ìyẹn iye tó o yá gan-an, kù, apá kejì sì jẹ́ èlé, èlé yẹn ò sì lè di tìẹ láéláé. Owó ilé ni òun náà, àmọ́ dípò kó o háyà yàrá lọ́wọ́ onílé, owó lo háyà lọ́wọ́ báǹkì.

Ẹ jẹ́ ká mú 100,000, owó ibi tó bá wù yín, ká ní ẹ yá a fún ọgbọ̀n ọdún, èlé ẹ̀ jẹ́ 6 nínú 100 lọ́dún, tí ò sì ní yí padà. Ohun tẹ́ ẹ máa san lóṣù á sún mọ́ 600. Nínú 600 ti oṣù àkọ́kọ́ yẹn, 500 lèlé, 100 péré ló kan ojú owó. Ó dà bí ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ san èlé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí gbèsè gan-an jókòó síbẹ̀ tó ń wò ó. Tẹ́ ẹ bá san án báyìí fọ́dún márùn-ún gbáko láìpa oṣù kankan jẹ, owó tẹ́ ẹ ti kó fún báǹkì á ti fẹ́ẹ̀ẹ́ tó 36,000, gbèsè tó sì ṣẹ́ kù lọ́rùn yín á ṣì jẹ́ nǹkan bí 93,000. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Ó máa tó bí ọdún mọ́kànlélógún kẹ́ ẹ tó san ìlàjì gbèsè yẹn kúrò, nígbà tọ́gbọ̀n ọdún bá sì fi pé, gbogbo owó tẹ́ ẹ san á ti di nǹkan bí 216,000. Ká ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ fi yá a ni, oṣooṣù á gbé sókè dé bí 844, àmọ́ àpapọ̀ ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 152,000, ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn.

Ìyẹn lójú ibi tí èlé ti jẹ́ 6 o. Ibi tí èlé bá ti di 20, tẹ́ ẹ ní ogún ọdún lẹ fẹ́ fi san án, oṣooṣù á tó nǹkan bí 1,700, nínú 1,700 ti oṣù àkọ́kọ́, èyí tó kan ojú owó ò ju bí 32 lọ (mi ò gbàgbé òdo kankan, méjìlélọ́gbọ̀n ni), kẹ́ ẹ tó san án tán ẹ ti san ju ìlọ́po mẹ́rin owó tẹ́ ẹ yá. Ẹni tírú èlé báyìí wà níwájú ẹ̀ tó ń pe owó ilé ní ìfowóṣòfò, kó kọ́kọ́ sọ fún wa kí ni kóun máa pe èlé yẹn.

Àwọn àgbà sì ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Owó lọ́yà wà níbẹ̀, owó ẹni tó máa wá díye lé ilé, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìbánigbófò, owó orí ilé, mi ò fẹ́ kà wọ́n tán. Owó àsansílẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún iye ilé lo kó kalẹ̀, owó yẹn ì bá ti máa bí owó níbòmíì, òun náà wà lára ohun tílé ná ẹ, bó ò tiẹ̀ rí i lójú ìwé. Àtúnṣe ló wá dùn mí jù. Nígbà tí òrùlé ilé tá a háyà ń jò, mo pe onílé, ó rojọ́ títí, ó ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, àmọ́ ó tún un ṣe. Nígbà tí òrùlé tiwa jò lọ́dún kejì tá a kó wọlé, mo ti gbé fóònù, mo ti ń wá nọ́ńbà, kí n tó rántí pé èmi lonílé. Àwọn tó mọ̀ nípa ilé máa ń ní kéèyàn ya nǹkan bí ìdá kan nínú 100 iye ilé sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àtúnṣe, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ mo rò pé wọ́n ń dẹ́rù bani ni.

Nítorí náà, tá a bá fẹ́ fi òótọ́ ṣírò ẹ̀, owó ilé la máa gbé síhìn-ín, ká wá gbé èlé, àtúnṣe, owó orí, owó ìbánigbófò àti ohun tí àsansílẹ̀ ì bá mú wọlé sọ́hùn-ún. Ojú owó tó ò ń san ò sí níbẹ̀, torí ìyẹn ni tìẹ lóòótọ́. Ìṣirò ránpẹ́ kan tún wà táwọn èèyàn máa ń lò, kó o fi owó ilé ọdún kan pín iye tí wọ́n ń ta irú ilé yẹn. Tó bá ti ju 20 lọ, owó ilé ló sábà máa ń rọrùn jù, tí ò bá tó 15, ìyẹn kó o máa rà. Ibi tí èlé bá ti gbówó lórí gan-an, òṣùwọ̀n yẹn á tún fà sísàlẹ̀ sí i o.

Ṣé ẹ wá ń rò pé apá ayálégbé ni mo wà? Ẹ dúró ná.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi háyà ilé, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe sókè yìí, mo ti mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, lẹ́yìn tí mo ti pariwo tán tí mo wá jókòó ti kalikulétọ̀. Mo ní kí ló kàn mí, màá dúró sínú ilé olówó pọ́ọ́kú yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti mọ́gééjì, màá máa fi pamọ́ lóṣooṣù, tó bá dọdún mẹ́wàá màá ju ẹni tó ra ilé lọ. Lórí ìwé, mo jàre. Oṣù méje ni mo fi rí owó yẹn fi pamọ́. Lóṣù kẹjọ ẹ́ńjìnnì mọ́tò kọṣẹ́, oṣù kẹsàn-án mo ní màá san án padà lóṣù kẹwàá, fóònù tuntun wá jáde, ọ̀rẹ́ kan wá yá owó, bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Báǹkì ò mọ̀ pé fóònù tuntun jáde. Ọjọ́ tó bá pé báyìí, owó ti kúrò lákáǹtì kí ojú mi tó là, bó ṣe 100 náà ló ń wọnú ojú owó lóṣù, 100 yẹn wà níbẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè fi ra fóònù. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ tí mọ́gééjì ń ṣe fún ọ̀pọ̀ wa gan-an nìyí, ó ń fi tipátipá kó wa lówó jọ, àwa tọ́wọ́ wa ò lè dúró. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá lè dúró, tó ń fi ìyàtọ̀ yẹn pamọ́ lóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ayálégbé bú u.

Èkejì ni pé owó ilé kì í dúró sójú kan. Mọ́gééjì tí èlé ẹ̀ bá dúró, ohun tó o san lọ́dún kìíní lo máa san lọ́dún ogún, bí owó ṣe ń sọ agbára nù ni gbèsè yẹn náà ń fúyẹ́. Àmọ́ ẹ bèèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ní Amẹ́ríkà, èlé tó dúró fún ọgbọ̀n ọdún wọ́pọ̀, ní Bìrìtìkó ọdún méjì tàbí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi dè é, lẹ́yìn ìyẹn ó di tẹni tọ́jà bá bá. Tiwa, wọn ò dè é rárá. Lọ́dún kẹta, lẹ́tà kan dé látọ̀dọ̀ báǹkì, ìlà mẹ́rin péré, oṣooṣù wa sì fi ìdá kan nínú márùn-ún gbé sókè. Mo ṣàròyé, wọ́n ní kí n ka ojú ewé kẹsàn-án ìwé tí mo fọwọ́ sí, mo kà á, ó wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, lọ́dún 1981 èlé mọ́gééjì tuntun ní Amẹ́ríkà kọjá 18 nínú 100.

Àwọn tó ní ilé kì í wálẹ̀, kí wọ́n bi àwọn ará Amẹ́ríkà ohun tójú wọn rí lẹ́yìn ọdún 2006. Kó tó dọdún 2012, iye ilé níbẹ̀ ti já ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tó fi ìdá kan nínú márùn-ún san àsansílẹ̀ tó yá ìyókù, gbogbo owó ara ẹ̀ ti lọ, gbèsè tó jẹ sì ti ju ilé lọ, tíṣẹ́ bá wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kò lè san, kò lè tà á kó fi san tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni báǹkì gba ilé lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni pé tó bá gòkè, èrè ẹ̀ náà ń di ìlọ́po, àmọ́ ẹni tó ń sọ ti òkè nìkan fẹ́ tajà fún ẹ ni.

Kí n tún fi èyí kún un, torí òǹkọ̀wé yẹn ní orílẹ̀-èdè tó bá lajú, oníkálukú ló nílé tiẹ̀. Ní Jámánì ó ju ìlàjì àwọn èèyàn tó ń háyà lọ, Switzerland jù bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní Romania ó ju 90 nínú 100 tó ń gbé nílé tó jẹ́ tara wọn. Ta ló lówó jù nínú wọn? Ohun tó mú kí ọkàn àwọn ará Jámánì balẹ̀ ni pé òfin ò jẹ́ kí onílé déédéé lé ayálégbé jáde láìnídìí. Ibi tí wọ́n bá ti lè ní kó o kó ẹrù ẹ lóṣù tó ń bọ̀, mo gbà pé ohun tí ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn tó, kalikulétọ̀ ò lè ṣírò ẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo wá ní fún ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́sí, kẹ́ ẹ bá mi gbé e sójú ìwé kó lè rí i. Ọdún mélòó ló fẹ́ lò nínú ilé tó ní ká lọ rà? Tó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, torí iṣẹ́ lè gbé e lọ ibòmíì, owó lọ́yà àti owó ìtajà nìkan á jẹ díẹ̀ tó bá rí san lára ojú owó. Tó bá ju mẹ́wàá lọ, tí èlé ẹ̀ sì dúró, mo ti gbà fún un, òun ló jàre. Kó ṣáà sọ iye ọdún náà fún wa.

Èmi ni òǹkàwé yín, ẹni tí gbèsè ilé ẹ̀ ku ọdún mẹ́rìnlá.