Sí ọmọ mi tí wọ́n fi plastic surgery rẹ́rìn-ín

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní nígbà tí olùkọ́ bi yín ní ẹ̀ka ìṣègùn tí kálukú fẹ́ gbájú mọ́, o dárúkọ plastic surgery, iṣẹ́ abẹ tí a fi ń tún ara mọ, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní ṣé ìdí lo fẹ́ máa bá àwọn obìnrin tún ṣe ni. Òmíràn ní o gbọ́n, pé owó ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ń tì ọ́ láti tún un sọ. Ó dùn mí, nítorí ọdún 11 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó, ọwọ́ àwọn dókítà yìí ni mo sì ń wò lójoojúmọ́.

Má bá wọn jà. Ibi tí ojú wọn tó ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà: imú tí wọ́n tún ṣe, ọmú, ètè tó wú. Ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìṣègùn ń yà sọ́tọ̀ fún un, ẹni tí kò sì wọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ wọn, rí, fóònù náà ni yóò máa kọ́ ọ. Kódà orúkọ rẹ̀ ń ṣì wọ́n lọ́nà, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ike ni. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ó jẹ mọ́ kí a mọ nǹkan bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ amọ̀.

Ogun ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà ń bọ̀ láìní àgbọ̀n, láìní imú. Lọ́dún 1917, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Harold Gillies, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Sidcup nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi awọ ara wọn fúnra wọn tún ojú wọn mọ. Ẹni tó bá sì sọ fún ọ pé àwọn dókítà yìí kì í gba ẹ̀mí là, bi í bóyá ó mọ Joseph Murray. Òun ló kọ́kọ́ fi kíndìnrín ẹnì kan sára ẹlòmíràn tó sì yọrí sí rere, lọ́dún 1954. Oníṣẹ́ plastic surgery ni. Ọ̀dọ̀ àwọn sójà tí iná jó, tí ara wọn ń kọ awọ ẹlòmíràn, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1990.

Ọmọkùnrin kan wà tí omi gbígbóná dà sí lọ́rùn. Egbò náà jinná nílé, àpá rẹ̀ sì sún kì títí ó fi fa àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ àyà. Ẹnu rẹ̀ kì í pa dé, itọ́ ń dà ṣáá, ìyá rẹ̀ a sì máa fi aṣọ ìnujú nù ún. Dókítà la àpá náà, ó bẹ́ awọ fẹ́lẹ́ lára itan ọmọ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, a tú báńdéèjì. Mo ń rọ omi iyọ̀ sí gọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ká awọ náà dání. Awọ náà ti lẹ̀ mọ́ ara, ó ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àfi igun kan tí omi gbá jọ sí lábẹ́. Dókítà fi abẹ́rẹ́ lu ibẹ̀, ó ń yí òwú tútù lé e lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí omi náà fi jáde tán. Ó lo ìṣẹ́jú 20 lórí ibi tí kò ju èékánná lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá ọmọ náà na aṣọ ìnujú sí i lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe, kò rí itọ́ nù. Ó wo aṣọ náà, ó tún wo ọmọ.

N kò ní tàn ọ́, iṣẹ́ náà le. Ìwé rẹ̀ gùn, àyè tí wọ́n ń du níbẹ̀ kò sì pọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹran ara láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, wọ́n ń fi òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ so iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 2 tàbí 3. Bí wọ́n bá ti so ó tán, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń tẹ ibẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà wá. Bí kò bá wá, wọ́n á tún padà sí tíátà lóru. Bó bá jẹ́ owó nìkan ló fà ọ́, irú òru bẹ́ẹ̀ yóò sú ọ.

Má sì fojú kéré iṣẹ́ ẹwà. Ọwọ́ kan náà ló ń mọ ọmú fún obìnrin tí jẹjẹrẹ gba tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́ ni bí a ṣe ń sọ fún ẹni tí ìṣòro rẹ̀ kò sí ní imú pé o kò ní fọwọ́ kan imú rẹ̀.

Ní ìsinmi tó ń bọ̀, bẹ àwọn dókítà plastic surgery kí wọ́n jẹ́ kí o tẹ̀lé wọn. Má lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan, lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú báńdéèjì, kí o sì dúró títí wọn yóò fi dì í padà. Òórùn yóò wà, ọmọdé yóò sunkún. Kíyè sí ara rẹ: ṣé ọwọ́ rẹ ń wá ohun tí yóò ṣe, àbí ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ ń wò? Bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ̀ka ìṣègùn pọ̀. Kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o tó sùn.

Ìyá rẹ