Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì láti Brikama

Brikama, Gámbíà,
Ọjọ́ 11, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Ìbejì, mo sì kí àwọn ọmọ méjèèjì tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ga ju ìyá wọn lọ báyìí. Àlàáfíà ni a wà. Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí òjò ti ń rọ̀ níbí láìdá, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò dípò kí n pè ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lórí fóònù tí ń já mọ́ni lẹ́nu. Mo ti lá àlá rẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Nínú èkejì, a tún wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ìwọ di àtùpà mú, èmi ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ. O mọ alẹ́ tí mo ń wí, o sì mọ ọmọ náà.

Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́, owó ilé sì tún ti lé.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ni The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí a jọ máa ń jà sí ní ilé ìkàwé, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe níbí, ní orílẹ̀-èdè kékeré yìí tí odò kan là já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Àjẹsára èéyi àti ti rubella, àrùn mìíràn tó jọ èéyi, ni, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìgò, kò sì gba abẹ́rẹ́. Ohun kan tó dà bí pílásítà tí a fi ń bo ojú egbò ni wọ́n fi í sí. Àwọn ṣóńṣó wíwẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, àjẹsára gbígbẹ sì wà nínú àwọn ṣóńṣó náà. Wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ ọmọ, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọn a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, àwọn ṣóńṣó náà a sì yọ́ sínú awọ bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn a ṣí i kúrò, ó parí. Ojú ibẹ̀ lè le díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yí padà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olùṣèwádìí kò rí ewu kankan tó ti ara rẹ̀ wá.

Àgbàlagbà 45 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún, lẹ́yìn náà ni ó kan ọmọ 120 tí wọ́n wà láàárín oṣù 15 sí 18, lẹ́yìn wọn ni ọmọ ọwọ́ 120 tí wọ́n ti pé oṣù 9 tàbí 10. Kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbà, wọ́n lẹ pílásítà mọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì gún gbogbo wọn lábẹ́rẹ́, àmọ́ inú ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ni àjẹsára wà. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ju 90 lọ nínú 100 àwọn ọmọ ọwọ́ tó gbà á láti ara pílásítà tí ara wọn ti ní agbára láti dènà èéyi lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, gbogbo wọn pátá ni ó sì ní ti rubella. Kò rẹlẹ̀ sí ti àwọn tó gbà á láti inú abẹ́rẹ́. Ìyá Ìbejì, nígbà tí mo kà á tán, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá wa, mo sì sunkún.

Ìwọ ni mo lè sọ ìdí ẹkún náà fún láìṣàlàyé púpọ̀, nítorí pé ìwọ náà ti gbé àpótí oníyìnyín kọ́ èjìká rí gba ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ kò lè gbà. Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò èéyi wà fún. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, tí a bá sì ti fi omi rẹ̀ pò ó, wákàtí 6 péré ló ní, èyí tó bá ṣẹ́kù di dídànù. Nítorí náà, bí ìyá mẹ́ta bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárọ̀, nọ́ọ̀sì a wo ojú wọn, a wo ìgò náà, a rántí ìwé tí wọn yóò fi bi í pé kí ló dé tó fi da ti ọmọ méje nù, a sì ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá tí mo sọ ọ́ fún ti rin ìrìn wákàtí méjì. Pílásítà yìí kò ní ìgò tí à ń ṣí, ti ọmọ kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò bẹ̀rù oòrùn tó bí ti inú ìgò ti ń bẹ̀rù rẹ̀, kò sì gba kí ẹni tó mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ wà nítòsí kí ọmọ tó lè rí i gbà.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ibí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Láti 1947 ni ilé ìwádìí ìṣègùn ti wà ní Fajara, létí òkun. Dókítà Ian McGregor bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé Keneba ní 1949, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi kọ ìbí àti ikú àwọn ará ibẹ̀ sílẹ̀ tọkàntọkàn. Nínú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí i, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 1997, pé àwọn tí wọ́n bí láàárín oṣù Keje sí oṣù Kejìlá, tí ìyá wọn gbé oyún wọn la àsìkò ebi kọjá, ń kú ṣáájú ọjọ́ ju àwọn yòókù lọ bí wọ́n bá ti di géńdé. Inú oṣù náà la wà yìí. Àwọn aboyún tí mo ń wò láàárọ̀ ń lọ sí oko ìrẹsì lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ wọn nínú omi, n kò sì lè wo ikùn wọn mọ́ kí n má rántí ìwé yẹn. Ibí kan náà ni ìwádìí ti ọdún 1991 ti fi hàn pé bí a bá ri àwọ̀n apẹ̀fọn sínú oògùn, ikú ọmọdé yóò dínkù gidigidi, àwọ̀n tí èmi àti ìwọ wá ń pín ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ní Nàìjíríà ńkọ́? Àjẹsára Hib wà nínú rẹ̀, Hib sì ni kòkòrò tí ń fa òtútù àyà, tó sì ń mú kí awọ tó bo ọpọlọ ọmọ wú. Àwọn ọmọ ọwọ́ ilẹ̀ yìí tó lé ní 40,000 ni wọ́n kó sínú ìwádìí rẹ̀. Gámbíà bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọ ní 1997, nígbà tó sì fi máa di 2005, ìwé jáde pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbí. Mo wá ìwé náà rí, orúkọ tí mo bá níwájú gbogbo orúkọ ni Adegbola. Mo fi ọwọ́ kàn án lójú ìwé.

Ìyá Ìbejì, ibi tí ọkàn mi ti dàrú nìyí. Inú dídùn ni mo fi pe àbúrò mi ní Mọ́níyà, tí mo sì ròyìn pílásítà náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. O mọ̀ pé Àbẹ̀ní ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù 9 nígbà náà, kò sì tíì gba ti èéyi. Àbúrò mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí irú rẹ̀ bá ń bọ̀, màá kúkú dúró dè é.” Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo tún pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀.

N kò lè dá a lẹ́bi pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wọn. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ọmọ tó wá kò tó láti ṣí ìgò. Nígbà kejì, wọ́n ní kò sí lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ lọ, owó iṣẹ́ òòjọ́ lọ. Ó sì tún ń rántí abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14, tí itan ọmọ wú, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn mọ́jú. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá ń sọ fún un pé ohun tí kò dunni ti wà.

Nígbà tí mo wá fẹ́ mú un mọ́lẹ̀ pé pílásítà náà kò tíì délé, ó yíjú ọ̀rọ̀ padà. Ó bi mí bóyá mo ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996, nígbà tí wọ́n dán oògùn wò lára àwọn ọmọ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, tí àwọn òbí sì sọ lẹ́yìn náà pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. N kò gbàgbé. Ìbéèrè gidi ni, ẹni tó bá sì ní kí ìyá ọmọ má béèrè rẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ. Mo sọ fún un nípa ìyá kan ládùúgbò wa tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ sínú ìwádìí èéyi yìí, pé wọ́n jókòó tì í, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè Mandinka, ó béèrè títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ó tó tẹ ìka. Ó gbọ́, kò sì jiyàn. Àmọ́ kò gbé ọmọ lọ.

Pílásítà náà kò sí ní Mọ́níyà, kò sí ní Brikama pàápàá. Kò sí orílẹ̀-èdè tó tíì fọwọ́ sí i, nítorí pé ọmọ 240 kò tó, ó di ìgbà tí wọ́n bá lò ó fún ọ̀pọ̀ sí i. Èéyi kò sì ní dúró. Nínú ènìyàn 10 tí kò ní ààbò tó bá sún mọ́ ẹni tó ní in, 9 ni yóò kó o. Ohun tí Àbẹ̀ní gbà lára ìyá rẹ̀ láti inú oyún ti ń tán lọ. Mo máa ń jí lóru, màá máa ka oṣù lórí ìka.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí, má sì bínú pé mo fi í sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ìwọ ni àbúrò mi ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu láti ìgbà tó ti ń sùn lórí ẹní yàrá wa. Jọ̀wọ́, gba Mọ́níyà lọ, má fi fóònù ṣe é. Má bá a jà, má sì dẹ́rù bà á pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọmọ wọ́ọ̀dù yẹn, nítorí pé àyà rẹ̀ kò gbà á. Mọ ọjọ́ tí wọ́n ń fún ni ní ti èéyi, kí o sì bá àwọn ìyá àdúgbò rẹ̀ àti ti ìjọ wọn tí ọmọ wọn ti lé ní oṣù 9 sọ̀rọ̀, kí ẹ lè jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Bí ẹ bá pé mẹ́fà tàbí méje lórí bẹ́ǹṣì, kò sí nọ́ọ̀sì tí kò ní ṣí ìgò náà. Mo ti fi owó ọkọ̀ gbogbo wọn ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ, pẹ̀lú owó búrẹ́dì.

Bí ẹ bá ti ṣe é, ya fọ́tò káàdì Àbẹ̀ní sí mi. Ojú ìlà èéyi ni n óò kọ́kọ́ wò.

Èmi ni,
Àkànkẹ́ rẹ.