Àbẹ̀kẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú òtútù o. Ṣé ara ọkọ rẹ ti yá? Àwọn ìbejì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lálẹ́ Sátidé ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ lọ sí ẹ̀ka tó ń dá àwọn tó ń tọrọ ìrànwọ́ lóhùn ní káńsù, o ti rí i pé ọ̀lẹ ló pọ̀ nínú wọn. O ní ì bá dáa kí ìjọba mú un le, kí ojú máa ti èèyàn láti wá. O tún fi bàbá àgbàlagbà kan ṣe ẹlẹ́yà, èyí tó wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì mú ìwé kankan dání. Mo dákẹ́ torí mo mọ ara mi: bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ilẹ̀ á mọ́ bá wa lórí fóònù. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí.

Wọ́n ti fi ohun tó o sọ yẹn ṣe òfin rí nílẹ̀ England tó o wà, ní 1834.

Ṣáájú ìgbà náà, láti ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, òfin 1601 ti ní kí páríṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, máa bọ́ òtòṣì tirẹ̀. Wọ́n á bu owó lé àwọn onílé àti onílẹ̀, wọ́n á fi wá búrẹ́dì, bàtà àti ohun ìdáná fún opó àti arúgbó nínú ilé wọn. Ó ní àbùkù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fúnni mọ ẹni tó ń gbà. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó lásìkò ogun Faransé, àwọn adájọ́ Berkshire péjọ ní Speenhamland ní 1795. Wọ́n ní kí wọ́n máa wo iye tí búrẹ́dì jẹ́ lọ́jà. Bí owó iṣẹ́ bàbá kan kò bá tó ó ra, kí páríṣì bá a fi kún un, bí ọmọ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ojú àánú ni wọ́n fi wò ó. Ṣùgbọ́n kí ni olóko tún fẹ́ san owó gidi sí, nígbà tó mọ̀ pé páríṣì á dí i? Nígbà tó fi máa di 1832, owó ìrànwọ́ ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 pọ́n-ùn lọ́dún, àwọn tó ń san án sì fárígá.

Ìjọba bá yan ìgbìmọ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ náà wò. Nassau Senior àti Edwin Chadwick ló kọ àbọ̀ rẹ̀. Bí o bá kà á, ohùn ara rẹ lo máa gbọ́ níbẹ̀: wọ́n ní ìrànwọ́ ló ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ. Àwọn òpìtàn tó padà tú ìdáhùn tí àwọn páríṣì fi ránṣẹ́ wò sọ pé ìgbìmọ̀ yẹn ti mọ ibi tó ń lọ kó tó bèèrè ọ̀nà. Ìlànà wọn ni pé ayé ẹni tó ń gba ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ nira ju ti alágbàṣe tó tòṣì jù lọ níta. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Alágbàṣe tó wà níta gan-an kò yó. Báwo lo ṣe fẹ́ fi oúnjẹ mú ayé ẹnì kan burú ju tirẹ̀ lọ láì pa onítọ̀hún? Nítorí náà, ìtìjú àti ìpínyà ni wọ́n lò.

Òfin 1834 ló tẹ̀ lé àbọ̀ yẹn. Wọ́n so àwọn páríṣì pọ̀, wọ́n kọ́ ilé ńláńlá tí wọ́n ń pè ní workhouse, ìyẹn ilé òtòṣì. Ẹni tí ìyà bá jẹ, kó wọlé síbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọlé, a jẹ́ pé ìyà kò tíì jẹ ẹ́ tó. Ṣé o rántí ilé òtòṣì àtijọ́ ní Southwell tí ẹ mú mi lọ? Ẹ̀yin ń ya fọ́tò nínú ọgbà, èmi dúró lórí àtẹ̀gùn. 1824 ni wọ́n kọ́ ọ, kí òfin tó dé, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n wò kọ́ṣe. Àtẹ̀gùn ọkùnrin ọ̀tọ̀, ti obìnrin ọ̀tọ̀. Ọkọ ní àgbàlá tirẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀, ọmọ ní tirẹ̀. Èmi àti bàbá rẹ jà títí tí ilé gbóná, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ mi! 1847 ni wọ́n tó gbà pé kí wọ́n má fipá ya tọkọtaya tó ti lé lẹ́ni 60 ọdún.

Ní Andover, fífọ́ egungun ẹran fún ajílẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Ní 1845, àṣírí tú pé ebi ń pa wọ́n débi pé wọ́n ń fa mùdùnmúdùn inú egungun náà jẹ, títí kan èyí tó ti ń rà. Àwọn aṣòfin wádìí rẹ̀, wọ́n tú ìgbìmọ̀ àwọn kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó òfin náà ká, wọ́n yan òmíràn. Ilé òtòṣì dúró síbẹ̀.

Òkú wọn ńkọ́? Òfin 1832 gbà pé ẹni tó bá kú sílé òtòṣì tí ẹbí kò wá gbé e, wọ́n lè gbé e fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà láti là. Ìwọ ọmọ Yorùbá, o kò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn fún ọ. Ọ̀pọ̀ arúgbó yàn láti fi ebi kú sílé.

Ìtìjú yẹn kò sì lé òṣì lọ. Ní àwọn ìlú ìhunṣọ lápá àríwá, bí iṣẹ́ bá dúró, gbogbo àdúgbò ló ń dúró. Ilé wo ló lè gba gbogbo wọn? Àwọn ará Todmorden, tí John Fielden tó ní ilé ìhunṣọ ṣáájú, kọ̀ jálẹ̀. Wọn kò ní ilé òtòṣì kankan títí di àwọn ọdún 1870. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dí ọ̀nà òwú láti 1861, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ahunṣọ ní Lancashire jókòó láì níṣẹ́. Ta ni ọ̀lẹ níbẹ̀? Charlie Chaplin, aláwàdà inú fíìmù tí bàbá rẹ máa ń rẹ́rìn-ín sí títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ wọ ilé òtòṣì Lambeth ní 1896.

Nígbà tí owó arúgbó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní 1909, ṣílè 5 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ti pé 70 ọdún, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á, láì wọ ilé òtòṣì. Àwọn tó jáde wá gbà á lé ní ìdajì mílíọ̀nù ní ọdún àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tọrọ lọ́wọ́ páríṣì rí. Inú ilé tiwọn ni wọ́n ti ń jìyà.

Mi ò sọ pé kò sí elétàn láàárín àwọn tó ń wá bá yín. Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n o rántí ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo àwa tó ti fẹ̀yìn tì wá fojú hàn pé a kò tíì kú? Oòrùn pa wá láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ kékeré kan jókòó sábẹ́ fáànù, ó ní ìwé mi kò pé, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo kọ́ ìyá ọmọ yẹn ní kíláàsì. Mi ò sọ fún un, mo kàn padà sílé.

Bí bàbá yẹn bá tún wá, fún un ní àga kí o tó bèèrè ìwé. Bá a wá ẹni tó máa kọ fọ́ọ̀mù náà, torí ó lè jẹ́ pé kò mọ̀wé kọ, tí kò sì fẹ́ kí o mọ̀. Kó o pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ