Bádé, ẹja Àkúrẹ́ ni kí o rà

Kubwa, Àbújá
Alẹ́ Sátidé

Bádé ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ṣé ìyàwó wà dáadáa? Tiwa ọmọ yín ńkọ́? Àwa wà, a dúpẹ́. Ọyẹ́ nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti gba ilé lọ́wọ́ wa.

Mo rí ohun tí o kọ, pé Tiwa gba dígí ẹja lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, pé lítà 60 ni ó ń gbà, àti pé ọ̀la ni ẹ fẹ́ lọ ra goldfish mẹ́fà. N kò fẹ́ fèsì lórí fóònù, torí ọ̀rọ̀ náà gùn, èmi náà sì ti san owó ilé-ìwé lórí rẹ̀.

Má ra ẹja kankan lọ́la. Ọmọ á sunkún, mo mọ̀. Jẹ́ kó sunkún. Omi tó mọ́ gaara yẹn kò tíì ṣe é gbé fún ẹja. Ìgbẹ́ ẹja ń di ammonia nínú omi, májèlé gidi ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé náà ni. Àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di nitrate, tí ara ẹja lè gbà díẹ̀, tí ẹ ó sì máa dà nù bí ẹ bá ń pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí àwọn kòkòrò náà tó pọ̀ tó nínú fíltà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi dígí, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ tan fíltà, kí ẹ máa ju oúnjẹ ẹja bíńtín sínú omi kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ, kí ẹ sì máa yẹ omi wò. Ìgbà tí ammonia àti nitrite bá di òdo ni kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Èmi ò dúró. Ọ̀gbẹ́ni tó ta dígí fún mi níbí ló ta goldfish mẹ́rin àti pleco kan, ẹja tó máa ń fẹnu lẹ̀ mọ́ dígí, mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, ó ní wọn kì í dàgbà ju ìka lọ. Ẹ̀rín ń pa mí báyìí. Goldfish ń gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, pleco yẹn lè tó 40, bẹ́ẹ̀ dígí tèmi kò ju tiyín lọ. Sátidé ni mo rà wọ́n. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, goldfish mẹ́ta ti kú. Mo bínú, mo yọ kàn-ìn-kàn-ìn fíltà, mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Adágún Usuma ni omi ẹ̀rọ tiwa ti ń wá, kílórínì tó ń pa kòkòrò sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba kòkòrò tí mo ti ní, èmi fúnra mi ni mo pa wọ́n. Omi tí ẹ bá fà nínú dígí ni kí ẹ fi máa fọ̀ ọ́. Èmi a máa pọn omi ẹ̀rọ sínú báàkẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì kí kílórínì fi fò lọ, àmọ́ bó bá jẹ́ chloramine, àdàlù kílórínì àti ammonia, ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín, ìyẹn kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ra oògùn tó ń pa á.

Kò sí wàhálà iná lọ́dọ̀ yín lókè òkun, ẹ ṣọpẹ́. Èmi ti kọ́ láti máa jí lóru bí pọ́ọ̀ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi bá dákẹ́, bí ìyálọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́.

Lẹ́yìn goldfish, mo ra guppy, ẹja wẹ́wẹ́ kan, abo méjì, akọ kan. Bímọ-bímọ ni wọ́n. Wọn kì í yé, ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń bí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oṣooṣù, abo sì lè tọ́jú àtọ̀ akọ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù, kódà bí o bá gbé akọ kúrò. Mo pín títí àwọn ará àdúgbò fi ń sá fún mi. Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù láràárọ̀. Ológbò ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Àṣé ọmọkùnrin mi ló gba ọmọ àrọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹja ní òpópónà wa, ó jù wọ́n sínú dígí pé kí wọ́n máa ṣeré. Àrọ̀ ti yó, ikùn rẹ̀ yọ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀! A fi wọ́n se ọbẹ̀ nígbà tó yá, mi ò purọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyí. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní *Fundulopanchax gardneri*. Láti 1911 ni àwọn onímọ̀ ti fún un lórúkọ, odò kéékèèké Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni ilé rẹ̀. Àwọn tó ń sìn ín kì í da irú rẹ̀ pọ̀, ibi tí wọ́n ti kó o ni wọ́n fi ń pè é: Makurdi, Lafia, Nsukka. Bádé, ọ̀kan ń jẹ́ Akure! Kò ju nǹkan bíi 6 sẹ̀ǹtímítà lọ. Akọ rẹ̀ dà bí aṣọ òkè olówó iyebíye, aláwọ̀ búlúù tó ń dán, àmì pupa wínníwínní sì wà lára rẹ̀. O rántí ìgbà tí à ń fi agolo wàrà gbọ́n ẹja lódò Àlà? Bóyá òun ni, bóyá ọmọ epìyà lásán ni, ta ló mọ̀.

Akọ kan, abo mẹ́ta, ó tó. Akọ méjì á bá ara wọn jà. Kí ẹ bo dígí dáadáa, torí wọ́n ń fò, inú ihò tó kéré jù ni wọ́n ń gbà jáde. Wọn ò fẹ́ omi gbígbóná. Ìwọ̀n 22 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá wọn lára mu. Ẹ so ewé anubias mọ́ igi, igbó ìhà wa lòun náà ti wá. Ẹ má rì gbòǹgbò rẹ̀ tó nípọn mọ́lẹ̀, á jẹrà. Edé pupa kéékèèké náà dára, bí ewé bá pọ̀ tí wọ́n lè sá sí, àmọ́ ẹja yóò jẹ ọmọ wọn. Ìṣáwùrú méjì ti tó. Bí ẹja bá ṣàìsàn, má da oògùn tó ní bàbà nínú sómi; edé àti ìṣáwùrú ò ní là á já.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹyin wọn ń wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì nínú ilẹ̀ rírin, àwọn èèyàn sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ síra wọn nínú àpò ìwé. Èmi tí mo wà ní Nàìjíríà, n kò tíì rí ẹni tó ń tà á ní Àbújá. Bí tiyín bá dé, ya fọ́tò akọ náà fún mi, kí Tiwa sì fún un lórúkọ Èkìtì tàbí ti Àkúrẹ́, kí ó má sọ ọ́ ní Nemo.

Wọ́n ti mú iná lọ. Jẹ́ kí n lọ so pọ́ọ̀ǹpù mọ́ bátìrì.

Èmi ni,
Fẹ́mi