Lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí òkúta tí yóò kọ́kọ́ fi pọ́n abẹ rẹ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, mo sì fara balẹ̀ wo fọ́tò abẹ Solingen (ìlú àwọn arọ abẹ ní Jámánì) tí o rà ní ọjà àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú mi dùn pé o fẹ́ máa fi abẹ gidi fá irùngbọ̀n ara rẹ nílé, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń pààrọ̀ ẹnu rẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òkúta 12000 tí o sọ pé o fẹ́ fi owó oṣù yìí rà, jọ̀wọ́ dá a dúró ná. Bí nọ́ńbà òkúta bá ṣe ga tó ni hóró inú rẹ̀ ṣe kúnná tó, iṣẹ́ àṣekágbá sì ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà fún. Ó lè mú kí ẹnu abẹ tó ti mú tẹ́lẹ̀ dán kó sì rọ awọ lọ́rùn, àmọ́ kò lè dá ẹnu sí abẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Òkúta tí abẹ rẹ ń fẹ́ báyìí ni ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà 1000, òun sì ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Wo abẹ náà dáadáa. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ikùn rẹ̀ tẹ̀ wọnú, lẹ́yìn náà ló wá tín-ín-rín títí dé ẹnu. Nígbà tí o bá tẹ́ ẹ sórí òkúta, ẹ̀yìn àti ẹnu ni yóò jọ fara kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí pé ò ń méfò bí o ṣe máa gbé e dúró: ẹni tó rọ ọ́ ti bá ọ parí ìyẹn. Abẹ tó fẹ̀ tó mìlímítà 19, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 5.5, ẹnu rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi dígírì 16 sí 17. Òkúta á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dàgẹ̀rẹ̀ pàdé lójú ìlà kan ṣoṣo. Ohun tí àwọn tó ń pọ́n abẹ ń pè ní bevel nìyẹn. Gẹ̀rẹ́ ni èmi yóò máa pè é níhìn-ín. Bí gẹ̀rẹ́ méjèèjì kò bá pàdé láti ìdí abẹ dé ṣóńṣó rẹ̀, gbogbo òkúta olówó gọbọi tí o bá lò lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ abẹ lásán ni wọn yóò máa dán. Àgbọ̀n rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: abẹ á máa fa irun dípò kó gé e, ìwọ náà á máa padà sórí ibì kan náà, irun tiwa tó máa ń ká padà wọ inú awọ kò sì ní ṣàì fi ibẹ̀ wú fún ọ.

Ìdí tí mo fi mú 1000 ni pé hóró inú rẹ̀ tóbi tó láti jẹ irin kíákíá, síbẹ̀ kò tóbi débi pé yóò ha ẹnu abẹ ní àpá jíjìn tí o ò ní rí pa rẹ́ mọ́. Nọ́ńbà àwọn ará Japan ni mò ń sọ o. Òkúta 1000 ti ilé iṣẹ́ Shapton, àwọn fúnra wọn sọ pé hóró rẹ̀ tó máíkírónì 14.7 (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan). Sáńdípépà Yúróòpù tí wọ́n kọ P1000 sí lẹ́yìn ń kó hóró tó tó máíkírónì 18.3, èyí tó fi hàn pé nọ́ńbà kan náà kì í ṣe ohun kan náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní sáńdípépà P1000 tó fún ọ dípò òkúta, má gbà.

Ó wá ku èwo nínú àwọn 1000. Ti ilé iṣẹ́ King ló wọ́n kéré jù, òkúta dáadáa sì ni. Ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ló fi ń pọ́n irinṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó rọ̀, o ní láti rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mu omi yó, bẹ́ẹ̀ ni àárín rẹ̀ kì í pẹ́ jìn. Lójú ọ̀bẹ, kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Lójú abẹ, wàhálà ńlá ni, torí pé abẹ kò ní ibòmíràn tó lè fara tì ju ojú òkúta lọ. Bí ojú yẹn bá ti tẹ̀ kòtò, gẹ̀rẹ́ náà yóò rí bí kòtò yẹn ṣe rí. Shapton Kuromaku, èyí tí àpótí rẹ̀ pupa bí ọsàn, le jù ú lọ, ó fẹ̀ tó mìlímítà 70, ó gùn tó 210, omi díẹ̀ tí o bá wọ́n sí i lórí sì ti tó. Wọn ò fẹ́ kí o rẹ ẹ́ rárá. Ti ilé iṣẹ́ Naniwa tí wọ́n ń pè ní Chosera, tó ti di Professional lóde òní, máa ń fúnni ní ìmọ̀lára dáadáa lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga, bí ó bá sì pẹ́ jù nínú omi, ó lè sán. Fún ìwọ tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ, tí ẹ jọ ń lo bésìn kan, Shapton ni mo fọwọ́ sí.

Mo mọ̀ pé wọn yóò fi òkúta míì lọ̀ ọ́. Èyí tó ní ojú méjì, dúdú àti eérú, tí àwọn alápatà wa fi ń pọ́n ọ̀bẹ, kí o fi í sílẹ̀ fún ọ̀bẹ ẹran. Pátákó irin tí wọ́n fi dáyámọ́ǹdì bò ń jẹ irin bí iná ṣe ń jẹ koríko, ohun tó sì mú mi bẹ̀rù rẹ̀ fún abẹ tìrẹ nìyẹn: nínú fọ́tò rẹ, mo rí i pé ẹ̀yìn abẹ ti jẹ fẹ̀ ní ìdí ju ti ṣóńṣó lọ, ó dájú pé ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. (Òfin Jámánì ti ń dáàbò bo orúkọ Solingen láti 1938, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè dáàbò bo abẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń pọ́n ọn.) Irú abẹ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ òkúta tí yóò fún ọ láyè láti rí àṣìṣe kó tó di bárakú. Coticule, òkúta àdánidá tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní agbègbè Vielsalm ní Bẹ́líjíọ́ọ̀mù dára gan-an ní tirẹ̀. Bí o bá fi òkúta kékeré ra ojú rẹ̀ títí omi orí rẹ̀ fi di ẹrẹ̀, hóró líle tí wọ́n ń pè ní garnet tó wà nínú rẹ̀ á máa jẹ irin, bí o bá sì fọ ẹrẹ̀ náà kúrò, á máa dán an. Àmọ́ nǹkan tí a wà nínú ilẹ̀ ni, ọ̀kan kì í yára bí èkejì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá òkúta ló ń lọ́ra ni tàbí ọwọ́ òun ni kò tíì yọ́.

Ohun tí ó yẹ kí o rà pọ̀ mọ́ òkúta náà ni ohun tí yóò mú un tẹ́jú, torí òkúta tuntun pàápàá kì í sábà tẹ́jú tán láti ilé iṣẹ́. Wá gíláàsì tó nípọn, lẹ sáńdípépà tó ṣeé lò nínú omi mọ́ ọn, nọ́ńbà 220 ti tó. Fi pẹ́ńsù fa ìlà ìbú àti òró sí ojú òkúta, wọ́n omi sí i, kí o wá máa ra á lórí sáńdípépà náà. Ìlà tó wà níbi tó ga ni yóò kọ́kọ́ lọ, tí àwọn tó wà nínú kòtò yóò sì ṣẹ́kù. Ìgbà tí gbogbo wọn bá lọ tán ni o tó lè sọ pé ó tẹ́jú. Má gbàgbé láti ra etí òkúta náà kó má mú, nítorí etí òkúta tó mú lè ṣẹ́ ẹnu abẹ lójijì.

Bí o bá bẹ̀rẹ̀, fi téèpù iná ẹyọ kan bo ẹ̀yìn abẹ kó má tún jẹ sí i. Tẹ́ abẹ sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ máa ṣíwájú, má sì tẹ̀ ẹ́ ju ìwúwo abẹ fúnra rẹ̀ lọ púpọ̀. Bí o bá fẹ́ yí i padà, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o ti yí i, má ṣe é lórí ẹnu láé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fi máákà dúdú kun gẹ̀rẹ́ méjèèjì, kí o fà á lórí òkúta lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́wọ́ fífúyẹ́. Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù sí létí ẹnu gan-an, òkúta kò tíì débẹ̀, ọkàn mi sì sọ fún mi pé apá ṣóńṣó ni o ti máa rí i. Lẹ́yìn náà, gbé ẹnu abẹ sókè sábẹ́ iná: ẹnu tó kú máa ń dán bí fọ́nrán òwú funfun, èyí tó pàdé kì í dán rárá. Ìgbà tí abẹ bá ń gé irun apá rẹ láìfà á, ní ìdí, ní àárín àti ní ṣóńṣó bákan náà, iṣẹ́ 1000 ti parí.

Kí o tó ra òkúta kejì, ya fọ́tò ibi mẹ́ta yẹn lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá 5000 ló kàn tàbí o ṣì ní iṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́.

Èmi ni, àbúrò bàbá rẹ.