Lẹ́tà sí Àkànní

Kubwa, Àbújá.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Ọyẹ́ ti dé síbí náà, eruku ti bo tábìlì mi, ètè gbogbo wa sì ti ń là.

O ní o fẹ́ máa tún kóòdù kernel Linux ṣe, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, pé àṣìṣe refcount, òǹkà iye àwọn tó ṣì ń lo nǹkan kan nínú mẹ́mórì, lo máa fi bẹ̀rẹ̀ torí ó rọrùn. Rọra o! Ṣé o rántí ọ́fíìsì wa ní Wuse? Ẹni tó bá jáde kẹ́yìn ló ń pa jẹnẹrétọ̀, ìwé tí a ń fọwọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà la sì fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti fọwọ́ sí i nígbà tó ń jáde, epo á jó mọ́jú. Bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ ìjáde sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pa iná mọ́ ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí. Nínú kernel, ti àkọ́kọ́ ń fi mẹ́mórì ṣòfò ni, jíjò la ń pè é. Ti ìkejì ló burú: kóòdù á máa lo ohun tí wọ́n ti gbé fún ẹlòmíì, ibẹ̀ sì ni àwọn jàgùdà ń wá.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn lára àwọn patch kan, àtúnṣe kóòdù tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́. Ẹnì kan á rí of_find_compatible_node, function tó ń wá node (àpèjúwe ohun èlò kan), á ní wọn ò dá node tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwá padà, á fi of_node_put, tó ń yọ ọ̀kan nínú òǹkà, kún un. Function yẹn fúnra rẹ̀ ti dá a padà! Ó wá sọ jíjò tí kò sí di ewu gidi.

Inú for_each_child_of_node, tó ń gba orí àwọn ọmọ node kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ni kí o kọ́kọ́ wò. Bó ṣe ń yí ló ń dá èyí tó ti lò padà, àmọ́ bí break tàbí return bá já a láàárín, èyí tó wà lọ́wọ́ á kù síbẹ̀. Wo pm_runtime_get_sync tó ń jí ohun èlò náà: bó tiẹ̀ kùnà, ó ti fi ọ̀kan kún òǹkà. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi pm_runtime_resume_and_get, tó ń yọ ọ̀kan náà padà bó bá kùnà, kún kernel 5.10.

Má fojú kékeré wo jíjò ṣá. Jíjò ni CVE-2016-0728, nọ́ńbà àléébù ààbò kan tí wọ́n rí níbi tí kernel ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí: ẹni tí kò láṣẹ kankan lè mú kó máa jò léraléra títí òǹkà oní-bíìtì 32 á fi kún, tí á yí padà sí òdo, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Refcount_t, irú òǹkà tuntun tó wọlé ní kernel 4.11, lọ́dún 2017, kì í gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá dé góńgó, ó dúró síbẹ̀, ó pariwo, mẹ́mórì náà ò sì ní padà mọ́. Àwọn àgbà kernel fúnra wọn ló yan òfò yẹn.

Bó o bá ti kọ àkọ́kọ́, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fi síta. Kọ ìlà Fixes, tó ń dárúkọ àtúnṣe tó mú àṣìṣe náà wọlé, sí i, kó o sì sọ ojú ọ̀nà tí jíjò náà gbà. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni,
Àlàbí