Ẹ Ṣàlàyé Ohun Tí Kòkòrò HPV Ń Ṣe Nínú Ara fún Àwọn Òbí

Sí Olóòtú,

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò àìfojúrí tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ, ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi. Ìyá kan béèrè bí kòkòrò àìfojúrí ṣe ń fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kí ó yára buwọ́ lùwé, èrò pọ̀ lẹ́yìn. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ sílé láìgba abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú gidigidi, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ó sì ní ìdáhùn.

Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣẹ́gun HPV fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ tí ó léwu, pàápàá àwọn tí a ń pè ní 16 àti 18, bá pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ọmọ, èròjà rẹ̀ méjì, E6 àti E7, a máa gba àkóso sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi kọ́ ara. E6 ń run p53, èròjà ara tí í dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró. E7 náà ń tú ìjánu mìíràn. Ìjẹun sẹ́ẹ̀lì á wá yí padà, bí ìgbà tí àlejò gba ìkòkò ọbẹ̀ lọ́wọ́ onílé: dípò kí ó fi ọ́síjìn jó ṣúgà tán pátápátá, á máa kó ṣúgà mì, á máa sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di ásíìdì, á sì máa fi nínú rẹ̀ kọ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun, títí ó fi lè di jẹjẹrẹ. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí Otto Warburg, ọmọ Jámánì, ti ṣàkíyèsí irú ìjẹun yìí nínú jẹjẹrẹ.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ti wà ní Nàìjíríà fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, síbẹ̀ àwọn aláṣẹ kò ṣàlàyé. Wọ́n ń lẹ pátákó, wọ́n ń ya fọ́tò, wọn kò ṣàlàyé! Àhesọ pé abẹ́rẹ́ náà ń sọ ọmọ di àgàn ni ó wá gbilẹ̀.

Ètò rédíò lédè Yorùbá ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ èdè jọ kọ ọ́, kí ó máa lọ sórí afẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ìyá ti ọjà dé, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí abẹ́rẹ́ tó dé àdúgbò, kí àwọn òbí lè pè wọlé láti béèrè ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n, kí nọ́ọ̀sì sì dáhùn láìkánjú. Kí wọ́n tún mú àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan, Ìbàdàn.